Páìpù Tí Kò Jáde Síta

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ṣí ìwé yìí, mo kí yín. Ẹ kú iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́, ẹ kú làálàá ìdánwò. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jẹ́ kí a jí lónìí, tó fún wa ní èémí láìgba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Èémí yẹn gan-an ni ìtàn mi dá lé lórí. Kì í ṣe ìtàn ẹ̀rín. Mo rò ó títí kí n tó kọ ọ́, nítorí ó wù mí kí n sọ èyí tó máa mú inú yín dùn. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Adéyanjú lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó wà ní ọjọ́ orí yín. Ẹ jókòó, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Adéyanjú ń fi kànìnkànìn àti omi ọṣẹ fọ ògiri ilé ìdáná wọn ní Mowe ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Omi tó ń ṣàn sílẹ̀ lára ògiri náà dúdú bíi kọfí. Bó bá fọ apá kan tán, kó tó parí apá kejì, yóò dà bíi pé kò tíì fọwọ́ kan àkọ́kọ́. Láti yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ èémí àbúrò rẹ̀, Àjíbíkẹ́. Ó ń dún fíín, fíín, bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá ń yọ lára táyà.

"Yanjú, fi ìyẹn sílẹ̀ ná," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọsibítù dé ni, ìborùn rẹ̀ ṣì wà léjìká. "Wá gbọ́ ohun tí dókítà sọ."

Sẹ̀gilọlá ni orúkọ ìyá náà, ṣùgbọ́n Màmá Ẹlẹ́ja ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹja ló ń dín, tó ń pèsè fún àwọn olóúnjẹ láti Ibafo títí dé ojú ọ̀nà Káǹpù, ibùdó àdúrà ńlá nì. Ọkọ rẹ̀ kú nígbà tí Àjíbíkẹ́ kò tíì pé ọdún kan, ilé oníyàrá mẹ́ta tí ọkùnrin náà kọ́ ni wọ́n ń gbé. Ìta ni Sẹ̀gilọlá ti ń dín ẹja tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí òjò ba òróró rẹ̀ jẹ́ léraléra ló kó sítóòfù onígáàsì wọ inú ilé. Láti ìgbà náà ni àyà Àjíbíkẹ́, tó ti ní ikọ́ fée láti kékeré, kò ti fún un ní ìsinmi mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni.

"Dókítà ní èéfín òróró ló ń há ọmọ yìí láyà," ni ìyá wí. "Ó ní kí n yan ọ̀kan. Kí n má dín ẹja nínú ilé mọ́, tàbí kí n wá ẹ̀rọ tó máa fa èéfín náà lọ síta. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì pé síta."

"Húùdù ni wọ́n ń pè é, Màmá. Wọ́n ń gbé e kọ́ sókè sítóòfù. Wọ́n ní in nílé Máyọ̀kún ní Magboro."

"Kó máa jẹ́ ohun tó bá wù ú. Ká sáà rà á. Ìwọ ni ọkùnrin ilé yìí, ìwọ lo máa dúró ti ẹni tó bá wá gbé e sí i. Èmi ò lè fi ẹja sílẹ̀."

Inú Adéyanjú dùn, ju bó ṣe jẹ́ kí ìyá rẹ̀ rí lọ. Kì í ṣe nítorí Àjíbíkẹ́ nìkan. Kíláàsì kan náà ni òun àti Máyọ̀kún wà, wọ́n sì jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin àwọn ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àṣà Máyọ̀kún ni pé bí Adéyanjú bá ti jókòó tì í, á fa imú, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló gbé ẹja wá síbí? Ebi ti ń pa mí." Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, Adéyanjú náà á bá wọn rín in. Ilé dé ilé ni wọ́n ti ń ṣe ìfidánrawò orin ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ṣùgbọ́n wọn kò wá sí ilé rẹ̀ rí. Bó bá ti kàn án, ẹnì kan á sáà ní ká fò ó, ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́.

Ibafo ni wọ́n ti ra ẹ̀rọ náà, ní ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ń jẹ́ Rasheedah. Obìnrin náà kò kánjú. Ó ní kí ìyá jókòó, ó sì tan fáànù sí i.

"Èyí tó wà lápá ibí yìí ò ní páìpù, mà," ó wí. "Ó máa fa èéfín, á sẹ́ ẹ pẹ̀lú èédú inú ẹ̀, á sì tú afẹ́fẹ́ náà padà sínú ilé. Èyí tó wà lọ́hùn-ún ní páìpù tó máa gba inú ògiri lọ síta. Kí lẹ fẹ́ máa fi ṣe?"

"Ẹja ni mò ń dín. Láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́."

Rasheedah rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ yẹn á sunkún, mà. Ẹ má fìyà jẹ ẹ́. Onípáìpù ni tiyín."

Nínú àwọn onípáìpù, ọ̀kan jẹ́ irin lásán, ó rí bí agolo ńlá. Ìkejì ní gíláàsì dúdú níwájú, iná kéékèèké méjì sì wà lábẹ́ rẹ̀. Adéyanjú ti lọ dúró níwájú onígíláàsì.

"Bọ̀dá mi, gíláàsì kì í fa èéfín o," ni Rasheedah wí. "Mọ́tò inú wọn ò jura lọ."

"Ó dára lójú ni," ni Adéyanjú wí.

Ìyá wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó rántí iye ìgbà tí ọmọ náà ti fọ ògiri láìráhùn. "Gbé e," ó wí. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo bá rí ọ̀rá lára gíláàsì yẹn, ìwọ àti èmi ni."

Kí wọ́n tó gbé e jáde, Rasheedah kó páìpù rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́, pẹ̀lú ìdérí onírin kan tó ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹnu páìpù ní ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n máa ń fi ìdérí náà sí kí òjò àti ẹyẹ má baà wọlé. "Páìpù ni ẹ̀rọ o, mà," ó wí. "Bí èéfín ò bá rí ọ̀nà jáde, ẹ̀ṣọ́ lásán lẹ gbé kọ́ ògiri." Ó wá fún wọn ní nọ́ńbà fóònù ẹni tó máa ń bá àwọn oníbàárà rẹ̀ gbé e sí i, Sàhéèdì, tó ń gbé ní Àgbàdo.

Ọjọ́bọ̀ ni Sàhéèdì wá. Ìyá ti gbé ẹja lọ fún àwọn olóúnjẹ, Àjíbíkẹ́ wà nílé-ẹ̀kọ́. Ọ̀dọ́kùnrin tó lẹ́nu ni Sàhéèdì, ó ń bá irin iṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ó gbé ẹ̀rọ náà kọ́, ó wọ̀n ọ́n, ó gba ẹ̀yìnkùlé, sí àlàfo tóóró tó wà láàárín ilé àti fẹ́ǹsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá ògiri lu láti ibẹ̀. Kò pẹ́ tí irin ìdálu náà ké gbìn-ín, tó dá sí méjì.

"Kọnkéré onírin ni bàbá yín fi kọ́ ibí yìí," ó wí, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ọwọ́ rẹ̀. "Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún wọn. Wọ́n kọ́lé bíi pé ogun ń bọ̀. Irin tó nípọn ju èyí lọ ni mo máa fi gbẹ́ ẹ, ọ̀rẹ́ mi kan ní in ní Ifo. Mo ń padà bọ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ẹ má tíì tan ẹ̀rọ yẹn o."

Adéyanjú rántí ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó ti sọ fún Máyọ̀kún àti gbogbo ẹgbẹ́ akọrin pé ilé òun ni ìfidánrawò ọ̀sẹ̀ yẹn yóò ti wáyé. Ó ti sọ ọ́ tàgbéraga-tàgbéraga.

"Bọ̀dá Sàhéèdì, ṣé kò sí ọ̀nà míì?"

Sàhéèdì gbójú sókè wo sílìn. "Àwọn kan máa ń ti páìpù bọ inú sílìn. Èmi kì í ṣe é."

"Títí di ọjọ́ Ajé nìkan ni."

"Ṣó o rí sílìn yín yìí? Kò pín. Ọ̀kan ṣoṣo ló bo gbogbo ilé. Èéfín tó bá débẹ̀ ò níbi tó ń lọ ju orí yàrá yín lọ."

"Ọjọ́ mẹ́rin péré. Ẹ jọ̀ọ́ sà."

"Màmá ńkọ́?"

"Èmi ni wọ́n ní kí n dúró tì yín."

Sàhéèdì fọwọ́ họ orí. Ó gun àkàbà, ó ṣí sílìn oníke náà díẹ̀, ó ti páìpù bọ̀ ọ́, ó sì fi àpótí irin tó máa ń bo páìpù mọ́lẹ̀ bò ó. Ẹni tó bá dúró nínú ilé ìdáná kò lè mọ̀. Ó ku ihò tí kò já tó wà ní ẹ̀yìnkùlé.

"Ẹ bá mi kan ìdérí yẹn mọ́ ọn," ni Adéyanjú wí.

Sàhéèdì yíjú wò ó. "Kí ni ìdérí fẹ́ ṣe níbẹ̀? Kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ẹ̀."

"Kó lè bo ihò yẹn ni."

Ọ̀dọ́kùnrin náà mú òòlù. Ó kan ìdérí náà mọ́ ògiri. Ìṣó mẹ́rin.

Nígbà tí ìyá dé, ó tan ẹ̀rọ náà, ó gbé agbada lé iná, ó sì da ẹja sí i. Èéfín gòkè tààrà, ó wọnú gíláàsì lọ bí ẹni wọlé ara rẹ̀. Ìyá tẹjú mọ́ ọn. Ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé, ó rí ìdérí náà, ó sì fọwọ́ kàn án.

"Ó jáde síbí?"

"Ó jáde, Màmá," ni Adéyanjú wí.

Obìnrin náà kúnlẹ̀ sórí iyanrìn níbẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dárúkọ ọmọ rẹ̀ méjèèjì nínú àdúrà náà. Adéyanjú náà kúnlẹ̀. Ó ṣe àmín.

Ní Àbámẹ́ta, ẹgbẹ́ akọrin dé. Ògiri funfun, iná kéékèèké ń tàn lábẹ́ gíláàsì, kò sí òórùn kankan. Máyọ̀kún wọ ilé ìdáná, ó dúró lábẹ́ ẹ̀rọ náà, ó ní kí wọ́n ya òun ní fọ́tò. "Ọ̀gá mi, ẹ ti kó Magboro wá sí Mowe," ó wí. Wọ́n kọrin títí di ìrọ̀lẹ́, ohùn Adéyanjú sì ga ju ti ẹnikẹ́ni lọ.

Ọjọ́ Ajé, fóònù rẹ̀ dún. Sàhéèdì ni. "Mo ti yá irin náà. Ṣé kí n máa bọ̀?"

Adéyanjú wo ọ̀nà ilé ìdáná. Ìyá rẹ̀ wà nídìí agbada, ó ń kọ orin ìyìn. Bí Sàhéèdì bá dé, tó bá tú ìdérí, ìyá á béèrè. Adéyanjú rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ má tíì wá," ó wí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Sàhéèdì tún pè. "Àbúrò, ọ̀rọ̀ páìpù yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn."

"Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, sà. Tá a bá fẹ́ yín, a máa pè yín."

Sàhéèdì pè lẹ́ẹ̀kẹta. Adéyanjú kò gbé e.

Láti ìgbà tí kò sí èéfín lójú mọ́, ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín ẹja ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ń ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná kí òórùn má baà dé pálọ̀, ó ń fi gbogbo ọkàn rẹ̀ ṣe é. Ṣùgbọ́n Àjíbíkẹ́ kò sàn. Ó ń jí pẹ̀lú ìrora àyà. Ìgbésẹ̀ mẹ́wàá lè mú un dúró kó di ògiri mú. Ike kékeré tó ń fi fọ́n oògùn sí ẹnu, tí ọ̀kan máa ń bá a dé oṣù mìíràn tẹ́lẹ̀, kò tó ọ̀sẹ̀ méjì mọ́. Wọ́n gbé e padà lọ sí ọsibítù, Adéyanjú bá wọn lọ.

"Màmá, ṣé ẹ ṣì ń dín ẹja nínú ilé?" ni dókítà obìnrin náà béèrè.

"Mò ń dín in, Dókítà, ṣùgbọ́n a ti ra ẹ̀rọ tí ẹ ní ká rà. Ẹ wá wo ilé wa, ó mọ́ bí awo. Ọmọ mi yìí ló dúró tì í tí wọ́n fi gbé e sí i."

"Páìpù ẹ̀ jáde síta?"

"Mo fi ojú mi méjèèjì rí ẹnu ẹ̀."

Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí Adéyanjú, bí a ti ń ṣe sí ọmọ gidi. Adéyanjú gbójú sókè sí kàlẹ́ńdà ara ògiri, ó ń ka ọjọ́ inú oṣù. Gbólóhùn kan péré ló kù kó sọ. Ó gbọ́ ọ nínú ara rẹ̀, kedere, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń sọ ọ́. Kò sọ ọ́ jáde.

"Ó dáa," ni dókítà wí. "Tí kì í bá ṣe èéfín, a jẹ́ pé nǹkan míì ni. Ṣé ẹranko wà nílé?"

Ehoro méjì wà nílé. Àjíbíkẹ́ ló ni wọ́n, òun ló ń já ewé fún wọn ní àràárọ̀. Wọ́n ní irun ara wọn lè máa yọ ọ́ lẹ́nu. Obìnrin kan láti Ifo tó ń ra ẹja lọ́dọ̀ ìyá ló kó wọn lọ nínú páálí. Wọ́n tún dáná sun mátírẹ́ẹ̀sì ọmọ náà, wọ́n ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò nílẹ̀, wọ́n sọ aṣọ fèrèsé nù. Àjíbíkẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo páálí náà títí tí ọ̀kadà fi gbé e lọ. Kò sunkún. Ó ti mọ̀ pé ẹkún máa ń gba èémí.

Adéyanjú wà níbẹ̀. Ó rí i.

Lọ́jọ́ kan, Àjíbíkẹ́ fà á láṣọ. "Bọ̀dá mi, sílìn yàrá mi ń rùn bí ẹja."

"Imú ẹ ni. Ta ló ń gbé nílé ẹlẹ́ja tí nǹkan ò ní máa rùn bí ẹja?"

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ikọ́. Nígbà tí ó jáde, Adéyanjú gun àga, ó sì wo òkè. Láàárín ike kan àti èkejì, ọ̀rá aláwọ̀ oyin ti ń yọ, tín-ín-tín, gan-an lókè ibi tí orí ọmọ náà ń wà tó bá sùn. Ó fi aṣọ nù ún. Ó tún fọ aṣọ náà kí ìyá rẹ̀ má baà rí i.

Kì í ṣe pé kò gbàdúrà o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ó ń gbàdúrà lójoojúmọ́, ó sì gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ó ń bẹ Ọlọ́run kó wo àbúrò òun sàn. Ohun tí kò sọ nínú àdúrà náà ni pé kí Ọlọ́run wò ó sàn láìjẹ́ kí òun la ẹnu. Ó fẹ́ kí Olúwa bá òun tún nǹkan náà ṣe ní bòókẹ́lẹ́, kí ojú má ti òun. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí òun bá ti kọ ìdánwò tó kẹ́yìn tán, òun á sọ ọ́. Lẹ́yìn ìdánwò, kò ní ṣòro.

Ọjọ́bọ̀ ni ìdánwò tó kẹ́yìn bọ́ sí. Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e ni àìsùn àdúrà olóṣooṣù ní Káǹpù, àwọn olóúnjẹ ọ̀nà ibẹ̀ sì ti ní kí Màmá Ẹlẹ́ja dín ìlọ́po mẹ́ta ohun tó ń dín. Láti aago mẹ́rin ìdájí Ọjọ́bọ̀ náà ni ìyá ti wà nídìí iná. Àjíbíkẹ́ kò lọ sílé-ẹ̀kọ́, ara rẹ̀ kò yá. Ìyá ní kó lọ sinmi nínú yàrá, kó ti fèrèsé kí eruku ojú ọ̀nà má baà wọlé.

Adéyanjú dé ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Ó ti pinnu. Ó ti ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́nu láti ibùdókọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ kí ìyá rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tí èéfín kankan kò sí.

"Màmá, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀."

"Jẹ́ kí n kó èyí tó wà lórí iná ná. Lọ wo àbúrò ẹ, ó ti ń sùn láti àárọ̀. Jí i kó jẹun."

Ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá. Kò kọ́kọ́ rí nǹkan kan, nítorí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti di funfun láti òkè dé àárín, ó sì wúwo nínú imú. Àjíbíkẹ́ kò sùn. Ó jókòó sílẹ̀ lábẹ́ fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lára ìkọ́ fèrèsé náà, kò sì ní agbára láti ṣí i. Àwọ̀ ètè rẹ̀ ti yí padà. Ike oògùn náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti tán. Kò ké, kò lè ké. Ó kàn wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Adéyanjú gbé e sáré jáde. Ìyá fi agbada sílẹ̀ pẹ̀lú ẹja tó ń jóná nínú rẹ̀, ó ń sá tẹ̀ lé wọn láìwọ bàtà. Kẹ̀kẹ́ Márúwá kan ló gbé wọn. Nínú kẹ̀kẹ́ náà, orí ọmọ náà wà láyà ìyá rẹ̀, ìyá sì ń sọ fún un pé, "Mí, ọmọ mi. Mí sí mi lára. Mí díẹ̀ sí i."

Wọ́n gbé e wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Dókítà yọjú. "Níbo ló wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀? Kí ló fà sínú?"

"Inú yàrá rẹ̀ ló wà, Dókítà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. A ti kó gbogbo rẹ̀ dànù."

"Èéfín ni," ni Adéyanjú wí.

Àwọn méjèèjì yíjú sí i.

"Páìpù náà ò jáde síta. Inú sílìn ló wà. Èmi ni mo ní kí wọ́n tì í síbẹ̀, èmi ni mo ní kí wọ́n kan ìdérí mọ́ ògiri. Mo mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọjọ́ tí ẹ bi wá léèrè, mo mọ̀ ọ́n."

Dókítà padà wọlé kíákíá. Ìyá dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà ní ìdajì ọ̀nà sí ẹnu rẹ̀, ó sì wà bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbọ́ ìró bàtà nínú yàrá náà, wọ́n gbọ́ ìró irin. Lẹ́yìn náà wọn kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Nígbà tí nọ́ọ̀sì ṣí ilẹ̀kùn, kò yára. Ìyá rí i pé kò yára, ó sì jókòó sílẹ̀.

Wọ́n sin Àjíbíkẹ́ ní ọjọ́ kejì. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wá, ẹgbẹ́ akọrin wá, Máyọ̀kún sunkún débi pé wọ́n ní láti mú un jáde. Gbogbo ẹni tó bá béèrè ni ìyá ń sọ fún pé, "Ikọ́ fée ni." Kò fi kún un. Àwọn ìyá ìjọ ń gbá Adéyanjú mọ́ra, wọ́n ń pè é ní ẹ̀gbọ́n rere, ó sì dúró gbà á, nítorí ìyá rẹ̀ kò sọ ohun mìíràn fún wọn, kò sì mọ̀ bóyá òun ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, Adéyanjú pe Sàhéèdì. Sàhéèdì dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ìyá kò sì dìde. "Ọwọ́ mi wà níbẹ̀, Màmá," ó wí. "Mo mọ̀ pé kò yẹ, mo ṣe é."

"Dìde," ni ìyá wí. "Ṣe ohun tó yẹ kó o ṣe."

Ó tú ìdérí, ó fi irin tó nípọn gbẹ́ ògiri náà já, ó yọ páìpù kúrò nínú sílìn, ó gbà á jáde, ó sì kan ìdérí padà sí ẹnu rẹ̀. Iṣẹ́ tí kò tó wákàtí kan ni. Nígbà tó tan ẹ̀rọ, èéfín jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó gba orí fẹ́ǹsì lọ, ọ̀run sì gbé e mì.

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í dín ẹja padà, nítorí òun àti ọmọ tó kù ní láti jẹun. Ó ń sọ̀rọ̀ níwọ̀n tí iṣẹ́ bá béèrè. Gbé omi wá. Pa gáàsì. Kò kọrin mọ́. Nígbà tí èsì ìdánwò jáde, tí Adéyanjú yege nínú gbogbo rẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì. Ìyá kà á, ó ṣẹ́ ẹ po, ó fi sínú Bíbélì, ó sì padà sídìí iná.

Adéyanjú dọ̀bálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lórí táìlì. "Màmá, ẹ nà mí. Ẹ pariwo lé mi lórí. Ẹ lé mi jáde tẹ́ ẹ bá fẹ́."

Ìyá kò yíjú. "Mo ti dárí jì ẹ́, Yanjú. Mo bẹ Ọlọ́run títí kó tó ṣeé ṣe fún mi, ó sì ràn mí lọ́wọ́. Mi ò purọ́ fún ẹ."

"Kí ni mo lè ṣe fún yín?"

Obìnrin náà yí ẹja kan padà nínú òróró, lẹ́yìn náà ó yí òmíràn.

"Ohun tí mo fẹ́ kò sí lọ́wọ́ ẹ mọ́," ó wí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà títí di òní. Bí mo bá sọ fún yín pé nǹkan ti padà bọ̀ sípò nínú ilé náà, irọ́ ni mo pa, irọ́ sì ti pọ̀ tó nínú ìtàn yìí. Ọlọ́run a máa dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì, mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n ìdáríjì kò gbé ọmọ dìde kúrò nínú ilẹ̀. Kì í ṣe ọmọ búburú ni Adéyanjú. Ojú ló ń tì í, ó sì fi irọ́ bò ó, lẹ́yìn náà ó ń retí ọjọ́ tí òótọ́ á rọrùn láti sọ. Ọjọ́ yẹn kò dé. Òótọ́ kì í rọrùn ju bó ṣe wà lónìí lọ. Bí ẹ bá ti ṣe àṣìṣe, ẹ sọ ọ́ nígbà tí àtúnṣe rẹ̀ ṣì jẹ́ iṣẹ́ wákàtí kan. Bí ojú bá tì yín, ẹ jẹ́ kó tì yín. Ìtìjú kò pa ẹnikẹ́ni rí nínú ilé yẹn.

Kí Olúwa, ẹni tó fún yín ní èémí, dá a sí. Kó fún yín ní ẹnu tó lè sọ òótọ́ nígbà tí ọkàn yín bá ń gbọ̀n. Kó má jẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ ara yín pa ẹni tí ẹ fẹ́ràn lára. Kó ṣọ́ àwọn àbúrò yín, kó sì mú yín bá wọn dàgbà, ní orúkọ Jésù. Àmín.